Ọta Mẹ́ta

Oṣù Kejìlá ni. Ní Kiruna,
oòrùn ti bá tirẹ̀ lọ, ó dọdún tuntun;
oorun náà tẹ̀ lé e, kò tilẹ̀ dágbére.
Tage, ọmọ ọmọ mi, ti lọ síléèwé ní Luleå,
ó fi ẹ̀rọ géèmù sílẹ̀ lábẹ́ tẹlifíṣọ̀n mi,
ó ní, "Ìyá àgbà, ẹ má fọwọ́ kàn án o,
eléyìí ti ju ẹ̀yin lọ."
Ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin!
Kí ló kù tó ju èmi lọ?

Mo jókòó sórí àga Birger,
mo fi bùláńkẹ́ẹ̀tì wé orúnkún,
mo di awakùsà lórí òṣùpá kan tí kò lórúkọ, nọ́ńbà ló ní.
Àwọn tó ṣáájú mi débẹ̀ wa irin, wa irin,
títí wọ́n fi wa kan ohun tó ń sùn.
Ní báyìí, ẹnu ti là sí àtẹ́lẹwọ́ wọn.
Ojú wọn fọ́, ṣùgbọ́n etí wọn ń ṣiṣẹ́ bíi ti ológbò.

Alẹ́ àkọ́kọ́, ẹ̀wù tí wọ́n fi kọ́ ni mo yìnbọn sí,
ọta mẹ́sàn-án, ẹ̀wù ò ṣubú.
Mo pariwo débi pé Ragnvald fi ìkúùkù lu ògiri láti ilé kejì:
"Hjördis! Kí ló ń lé ẹ?"
Ìbéèrè gidi nìyẹn.
Àgbà kì í sáré nínú ẹ̀gún lásán.

Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran:
bí mo ṣe ń gbọ̀n ni mò ń há ọ̀nà sórí,
ibi tí àpótí oògùn wà, ilẹ̀kùn tó ń dún,
páìpù tí nǹkan ń rìn nínú rẹ̀
bí ẹni ń wá kọ́kọ́rọ́ nínú àpò.
Mo kú lẹ́ẹ̀mejìlélógún lọ́sẹ̀ kan.
Mo tẹ bọ́tìnnì, mo dìde.
Birger kú lẹ́ẹ̀kan péré,
mo wá bọ́tìnnì náà káàkiri ilé.

Lánàá, ó ku ọta mẹ́ta nínú ìbọn,
iná kú ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó gùn jù.
Mo gbọ́ ẹsẹ̀. Ẹsẹ̀ bàtà gidi, bàtà onírin,
kó, kó, kó,
bí ẹni tí iṣẹ́ ti lò tán tó ń bọ̀ wálé.
Ó yọ. Akoto awakùsà ṣì wà lórí rẹ̀,
fìtílà iwájú rẹ̀ ń ṣẹ́jú.
Àtàǹpàkò mi ti wà lórí bọ́tìnnì.

Ìgbà náà ni aago lu kan àbọ̀ òru.
Kiruna gidi mì.
Lóròòru ni wọ́n ń yin ẹ̀tù nísàlẹ̀ ìlú wa,
lábẹ́ ibùsùn, lábẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì, lábẹ́ àwọn òkú pàápàá;
àwọn ife bá ara wọn wí nínú kọ́bọ́ọ̀dù,
páàdì ń gbọ̀n lọ́wọ́ mi,
n ò mọ ilẹ̀ wo ló ń mì, tibí ni tàbí tọ̀hún.

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni Birger fi wọ ihò yẹn.
Ó máa ń sọ pé, bí iná bá kú mọ́ ẹ lórí nísàlẹ̀,
má sáré. Fi ẹ̀yìn ti òkúta.
Máa fi ahọ́n ka eyín rẹ.
Mo fi ẹ̀yìn ti ògiri òṣùpá.
Mo ń fi ahọ́n ka eyín, mọ́kàndínlógún ló ṣẹ́ kù fún mi;
mo tilẹ̀ mú èémí dání nínú pálọ̀,
bíi pé ó lè gbọ́ mi láti inú gíláàsì.
Ó dúró. Ó na ọwọ́ ẹlẹ́nu yẹn.
Ó kọjá.

N ò yìnbọn. Tage yóò sọ pé ojo ni mí.
Bí yìnyín bá yọ́ tán, wọn á wó ilé yìí,
kùsà ti jẹ abẹ́ rẹ̀ kan ìpìlẹ̀.
Lẹ́tà wọn ti dé, òun ni mo gbé ife kọfí lé.

Ògiri dún, jẹ́jẹ́ lọ́tẹ̀ yìí.
"Hjördis, ṣé ó ti lọ?"
"Ó ti lọ."
"Ọta mélòó ló kù?"
"Mẹ́ta."
Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀.
"Ó tó," ló wí,
mo sì gbọ́ bí ibùsùn rẹ̀ ṣe ké.