Síìpù Bàtà Mi

Síìpù bàtà mi já láàárọ̀ ọjọ́ Ajé
ní ibùdókọ̀ Títì Kejìlélógún, ní Sáskátúùn,
nígbà tí òtútù ti kọjá ohun tí ẹnu ń sọ.
Yìnyín wọlé, ó jókòó ti ọmọ ìka ẹsẹ̀ mi
bí àlejò tí a kò pè, tó sì ti rí àga.

Mo kọ̀wé sí ilé-iṣẹ́ tó ta bàtà.
Obìnrin kan tó ń jẹ́ Darlene fèsì:
"Ọdún kan gbáko la fi ń dúró lẹ́yìn ọjà wa.
Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi rìsíìtì ránṣẹ́."

Rìsíìtì!
Mo tú àpò kóòtù, mo tú kọ́bọ́ọ̀dù ilé ìdáná
kí n tó rántí pé ojú fóònù ni mo ti rà á,
kò sẹ́ni tó fi ìwé kankan lé mi lọ́wọ́.

Íméèlì mẹ́ta ni mo ní.
Èyí àkọ́kọ́, Òṣogbo ni mo ti ṣí i,
orúkọ ọkùnrin kan ni mo fi ṣe páásíwọ́ọ̀dù.
Ọgbọ́n ọdún ni, wèrè ẹ̀ẹ̀mí-ìn.
Mo tẹ orúkọ náà, ilẹ̀kùn ṣí,
ojú tì mí níwájú ara mi.
Èkejì, ti ibi iṣẹ́.
Ẹ̀kẹta, Jọláadé ọmọ mi ló ṣí i
lọ́jọ́ tó ní pàǹtírí ti pọ̀ jù nínú àwọn tó kù.

Mo wá "bàtà" lédè òyìnbó.
Ẹ̀dínwó, ẹ̀dínwó, ọ̀la ló parí!
Àwọn tó ṣì fẹ́ tà ń pariwo,
èyí tí mo ti rà kò fọhùn.

Mo wá ń kà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan.
Ìkòkò ìrẹsì oníná, dọ́là mọ́kàndínlógójì,
aago méjì òru kọjá ìṣẹ́jú mẹ́rìnlá.
Aṣọ ìbora méjì, aago mẹ́ta òru.
Àtùpà tí wọ́n ní ó dà bí oòrùn, oṣù Bélú,
ọdún tí mo kọ́kọ́ mọ̀ pé oòrùn lè yọ
kó má mú ooru kankan dání.
Ọ̀pá ìtìlẹ̀ fún ìyá mi, tí wọn kò fún ní físà.
"A ti dá owó yín padà," ni wọ́n kọ sísàlẹ̀.
Mo jókòó ti gbólóhùn yẹn, ó pẹ́.

N kò kọ ìtàn ayé mi rí.
Àwọn oníṣòwò ti bá mi kọ ọ́,
wọ́n sì gba owó orí lé e.

Bàbá mi tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe ní Òkè-Fíà,
ìṣó gbọọrọ kan ló kàn mọ́ pákó,
òun ló fi ń gún rìsíìtì bí ẹran sùúyà:
ṣéènì, táyà, súpóòkù,
tòní lókè, tàná nísàlẹ̀.
Ẹni tó bá ní ó jẹ òun ní gbèsè,
ìṣó ni yóò dá a lóhùn.

Mo rí tèmi níkẹyìn.
"Ẹrù yín ti gbéra" ni wọ́n pè é,
kò sí bàtà nínú orúkọ rẹ̀ rárá.
Àdírẹ́sì yàrá abẹ́ ilẹ̀ tí a ti kó kúrò ló wà lára rẹ̀,
níbi tí fèrèsé ti ń wo ẹsẹ̀ àwọn tó ń kọjá.
Ọjọ́ kọkànlá oṣù Ṣẹẹrẹ, èṣí.
Òní, ọjọ́ kẹtàlá.

Ọjọ́ méjì!
Mo fi ránṣẹ́ sí Darlene bẹ́ẹ̀, pẹ̀lú àwòrán síìpù.
N kò purọ́. Mo kàn sọ fún un
pé òtútù kì í wo kàlẹ́ńdà.
Kò tíì fèsì.

Mo ṣí fódà kan, mo sọ ọ́ ní Ìṣó,
mo ń fà wọ́n síbẹ̀, ìkòkò, aṣọ ìbora, àtùpà.
Jọláadé ní kí n pa ti ọ̀pá ìyá mi rẹ́,
ṣebí owó ti padà.
Mo ní kó fi sílẹ̀.

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ amúlé-gbóná, bàtà ń gbẹ,
ó la ẹnu sílẹ̀.