Àpótí Ìyá Mi

Lọ́jọ́ Túsìdeè, ní ọsibítù Ṣàgámù,
ìyá mi Ẹfúnyẹmí di ẹni tí n kò mọ̀ rí.
Ó tú gèlè, ó ká a sọ́wọ́, ó fara mọ́ ògiri,
ó ń pe ọmọ tí kò ju àbúrò rẹ̀ àbíkẹ́yìn lọ ní "Mà".
Nọ́ọ̀sì Ṣóbọ́wálé kò wojú rẹ̀.
"Mo ní kí ẹ jókòó! Ṣé etí yín di ni?"
Ìyá mi jókòó.
Káàdì ń gbọ̀n lọ́wọ́ rẹ̀
bí ẹni pé afẹ́fẹ́ ń fẹ́ nínú yàrá náà.
Kò sí afẹ́fẹ́. Fáànù ti kú láti Iléyá èṣín.

Mo bínú, ojú sì tún ń tì mí.
Ṣé obìnrin yìí náà ló bí mi?
Ẹni tí àwọn onílọ́rì ń ṣí fìlà fún
ní ìsọ̀ obì rẹ̀ lẹ́bàá Sábó,
ẹni tó ń wo agbọ̀n gbànja lójú lásán
tí yóò ní, "Alájì Dauda, mẹ́ta ti ní kòkòrò níbẹ̀,"
tí Alájì yóò da gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, tí yóò bá mẹ́ta.

Mo rò pé ìjókòó orí bẹ́ǹṣì yẹn yóò rọ̀ ọ́ lọ́kàn.
Ìrò ọmọdé nìyẹn.

Ní Sátidé, ta ló yọ sí ìsọ̀ wa?
Ṣóbọ́wálé ni, kò wọ aṣọ funfun, aago kò sí láyà rẹ̀,
okùn bàtà rẹ̀ kan ti já.
Igba gbànja ló fẹ́, lórí àwìn,
fún ìsìnkú bàbá ọkọ rẹ̀ ní Màkún.
Ó kúnlẹ̀ díẹ̀, kò kúnlẹ̀ tán.

Ìyá mi wà lórí àpótí rẹ̀,
àpótí irókò tí ìyá tirẹ̀ lò títí ó fi kú.
Kò dáhùn. Ó ń fi ewé di obì.
Ewé kan. Ewé mìíràn. Oòrùn ń gun orí àlejò.
Nígbà tó yá ó ní,
"Ẹ bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ṣé ẹ ò rí i pé mo ń ṣiṣẹ́ ni?"
Ohùn yẹn! Mo mọ ibi tí mo ti gbọ́ ọ.
N kò wo ẹnu ìyá mi,
àpótí ni mo ń wò.

Àfi bí òjò ṣe ya dé láti ìhà Ìpẹ̀rù,
òjò tí kì í kan ilẹ̀kùn.
Páànù kan ṣí. Ogún agbọ̀n wà níta,
omi ò sì bá gbànja ṣọ̀rẹ́.
Kí n tó pariwo, Ṣóbọ́wálé ti ká ìró sókè,
òun àti ìyá mi ti di agbọ̀n kan mú létí méjèèjì.
"Ẹ rọra! Ẹ wo ẹsẹ̀ yín!"
Ta ló sọ ọ́ nínú wọn? N kò lè sọ títí dòní.
Ẹrẹ̀ dé orúnkún, wọ́n sì ń rẹ́rìn-ín
bí ọmọ iléèwé tó sá lọ lúwẹ̀ẹ́ lódò Ìbù.

Òjò dá. Ìyá mi padà sórí àpótí.
Ó nu ojú, ó wé gèlè,
ó ka igba obì fún un, ó fi márùn-ún ṣe ènì,
ó sì kọ gbèsè náà sílẹ̀, kọ́bọ̀ kan kò dín.

Èmi náà ti dàgbà.
Mo ń jókòó nídìí fèrèsé kékeré kan ní Ìjẹ̀bú-Òde,
níbi tí wọ́n ti ń gba ìwé ẹ̀rí ọjọ́ ìbí.
Àga mi ń yí; ọ̀gá tó fẹ̀yìn tì ló fi sílẹ̀ fún mi.
Láàárọ̀ àná, arúgbó kan láti Odò-Lẹ́wù
na ìwé sí mi, ìwé náà ń gbọ̀n,
mo sì gbọ́ tí ẹnìkan ní, "Bàbá, ṣé etí yín di ni?"
Mo wẹ̀yìn.
Èmi nìkan ni mo wà níbẹ̀.

Mo ti àga náà sẹ́yìn.
Ìdúró ni mo wà tí mo fi kọ orúkọ ọmọ-ọmọ rẹ̀ tán,
àmì orí rẹ̀ pé, ọ̀kan kò fò.
Bàbá ń wò mí bí ẹni tó ń retí ẹ̀gún.

Àná nìyẹn.
Lónìí, mo ti jókòó padà.