Mítà Méjì

Ní El Alto, afẹ́fẹ́ ṣàn bí ọbẹ̀ ìgbà ìyàn:
ò ń mu ún, kò yó ọ.
Àlejò tó bá sáré níbẹ̀ yóò di àyà mú
bí ẹni tí gbèsè ká mọ́ ojú ọ̀nà.
Àwa tí wọ́n bí síbẹ̀, ara wa ti mọ̀ ọ́n.
Ṣùgbọ́n ìwọ, Pankara, o kánjú wáyé.
Oṣù méje péré, o ti kanlẹ̀kùn,
ẹ̀dọ̀fóró rẹ kò tíì jinná,
bí ọ̀dùnkún tí wọ́n yọ nínú ìkòkò kó tó rọ̀.

Sílíńdà kan dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn wa,
ó ga tó ọmọ ọdún mẹ́wàá.
Okùn rọ́bà ti ara rẹ̀ wọ ihò imú rẹ.
Mo wọ̀n ọ́n: mítà méjì, ó lé díẹ̀.
Bí ayé rẹ ṣe tóbi tó nìyẹn.
Wọ́n ní ibi tí a so ẹran mọ́ ni í ti í jẹ.
Kí ló wà níbi tí a so ọ́ mọ́?
Ògiri aláwọ̀ aró tí ọ̀dà rẹ̀ ń bó.
Bàtà iṣẹ́ mi.
Ìyá rẹ.

Níbẹ̀rẹ̀, a kàn ń wò ọ́ ni.
A ń ka mímí rẹ bí ahun ṣe ń ka owó.
Bí o bá sùn, a ó fọwọ́ kàn ọ́ kí o mira;
bí o bá jí, a ó bẹ̀ ọ́ kí o sùn.
A kò rẹ́rìn-ín nínú ilé,
à ń rìn bí ẹni tó gbé abọ́ ẹyin gun àkàsọ̀.

Ọjọ́ tí nọ́ọ̀sì Senobia wá, ó wo yàrá yíká, ó ní:
“Ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ ló ń ṣàìsàn.
Ta ló sọ fún yín pé etí rẹ̀ ń ṣàìsàn?
Ẹ dà á dojú bo àyà yín, kí ọrùn rẹ̀ ṣiṣẹ́.
Ẹ máa retí ìgbà tí ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì yóò pàdé.
Bí ètè rẹ̀ bá yí àwọ̀, ẹ pè mí kíá.
Bí kò bá yí, ẹ bá a ṣeré.”

Èmi tí mo ń tọ́jú wáyà tó ń gbé ọkọ̀ kọjá lókè ìlú,
wáyà tó nípọn bí apá,
tí ọgọ́rùn-ún èèyàn ń rọ̀ mọ́ lórí ọ̀gbun,
ẹ̀rù rẹ̀ kì í bà mí.
Okùn tí kò tó ìka ọmọdé ló ń já mi láyà.

Mo gbé ọ lé àyà, mo ń ròyìn iṣẹ́ fún ọ:
ẹni tó gbé àgùntàn wọkọ̀,
ẹni tó gbàgbé eyín àtọwọ́dá sórí ìjókòó.
O gbórí sókè. Ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta.
Lẹ́yìn náà o fi imú nu aṣọ mi, o sùn.

Oṣù kẹjọ, òtútù àti ibà dé.
Ọjọ́ mọ́kànlá ní ọsibítù.
Ọrùn tó ti ń dúró tún rọ.
Ìyá rẹ kò sọ nǹkan kan;
ó kàn tún bẹ̀rẹ̀ láti àáyá kan.

Lóru àná, mo gbọ́ tí sílíńdà ń súfèé sí afẹ́fẹ́ lásán.
Mo fò dìde, mo tanná.
Ìwọ rèé, ojú rẹ ń dán,
o fi ọwọ́ méjèèjì di okùn náà mú gírígírí
bí ẹni tó mú ẹja níru,
o fẹ́ fi í sẹ́nu.

Mo dá a padà sí imú rẹ, ọwọ́ mi ń gbọ̀n.
Mo wo ètè rẹ. Kò yí àwọ̀.
Ìyá rẹ ní, “Kí ló dé?”
Mo ní, “Ó yọ ọ́.”
“Ọwọ́ wo ló fi yọ ọ́?”
Mo ní, “Méjèèjì.”

Ó dìde jókòó.
Ó ní kí n má tíì pa iná.