Ìṣẹ́tí

Sòkòtò Abíọ́nà ni mo ń tú.
Ìka mẹ́ta ni mo ṣẹ́ sínú nígbà tí mo rán an,
aránṣọ tó gbọ́n kì í rán aṣọ ọmọdé ní wẹ́kú.
Mo fà á wálẹ̀, mo fi áyọ́ọ̀nù tẹ ojú àpá rẹ̀,
ó kan kókósẹ̀ ọ̀tún.
Ti òsì,
irin ló kàn.

Ojú ọ̀nà Ṣíún ni mo bí i sí, nínú ọkọ̀ tó taku.
Ọ̀nà yẹn náà ló padà gba ẹsẹ̀ kan lọ́wọ́ rẹ̀
lọ́dún tó pé mẹ́rin.
N kò bá ọ̀nà jà. Ọ̀nà kò létí.

Ọ̀gá Ṣófolúwẹ̀ ní Ìdí-Àbà ló ń bá wa ṣe ẹsẹ̀.
Ó po nǹkan funfun, ó fi wé kùkùté ọmọ mi bí ẹni ń pọ́n ẹ̀kọ,
ó ní, "Mo fi àyè ìbọ̀sẹ̀ márùn-ún sí i.
Bó bá ti ń dàgbà, ẹ máa bọ́ ọ lọ́kọ̀ọ̀kan."

Nígbà ọyẹ́, márùn-ún.
Nígbà tí àgbàdo yọ, mẹ́ta.
Ọjọ́ Iléyá, ọ̀kan.
Kí iṣu tuntun tó dé ọjà Kútọ̀, awọ lásán.

Kùkùté igi a máa rúwé,
ta ló ní ti ènìyàn kò ní rú?
Egungun inú rẹ̀ ń yára ju awọ lọ,
dókítà ní bóyá a ó tún gé e díẹ̀.
Tún gé!

Ọgọ́rùn-ún ẹ̀wù ilé ìwé ni owó ẹsẹ̀ kan.
Mo ṣírò rẹ̀ sára páálí òwú.
Mo rán ọgọ́ta, ọmọ fi ìka kan ga sí i.
Mo rán ogójì tó kù, ẹsẹ̀ dé,
kò lo oṣù mọ́kànlá.

Ẹni tó bá yà sí ṣọ́ọ̀bù mi ní Ìtókò á ní,
"Háà, Abíọ́nà mà ti ga o!"
Mo ń rẹ́rìn-ín, abẹ́rẹ́ wà lẹ́nu mi.
Àdúrà tí mo gbà lórí ìkúnlẹ̀ ló ń gbà,
ó ń gbà, ó ń gba owó.
Lóru ọjọ́ kan, kí Olúwa má kà á sí mi lọ́rùn,
mo ní kó rọra dàgbà.

Òun náà mọ̀.
Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló fi ní ẹsẹ̀ kò dun òun,
ó ń gbá bọ́ọ̀lù lórí àpáta ẹ̀yìnkùlé wa,
àfìgbà tí mo rí ẹ̀jẹ̀ nínú ife ẹsẹ̀ náà.
Mo ní kí ló dé tí kò sọ?
"Ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ san owó eléyìí ni."

Lálẹ́ yìí mo ní kó fẹ̀yìn ti ilẹ̀kùn,
mo fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà sókè orí rẹ̀.
Ìlà Iléyá ti wà nísàlẹ̀.
"Màámi, ṣé mo ga?"

Mo kọ́kọ́ yọ abẹ́rẹ́ lẹ́nu.