Oṣù Mẹ́rìnlá

Méjì ni wọ́n, wọ́n jókòó sínú eruku ọyẹ́
ní ọgbà Alhaji Mainasara, lẹ́yìn Zuba.
Ọ̀kan pupa bí ata tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ já,
èkejì rí bí eérú, bí ẹni tí kò fẹ́ kí a rí òun.
Pupa: mílíọ̀nù mẹ́ta ó dín díẹ̀.
Eléérú: fi mílíọ̀nù kan lé e,
kí o tún ka ẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rin sórí rẹ̀.

Mo ti fẹ́ràn pupa kí n tó sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà.
Owó rẹ̀ wà nínú àpò mi, ó pé, kò ku kọ́bọ̀.
Ara rẹ̀ ń dán, éésì rẹ̀ ń mí òtútù sí mi lọ́rùn.
Alhaji ní, "Ọ̀gá, wàláì, èyí á gbé ọ dé Maiduguri."
N kò lọ sí Maiduguri.
Gwagwalada sí Garki ni tèmi,
kìlómítà mẹ́rìndínlọ́gọ́ta láàárọ̀, iye kan náà nírọ̀lẹ́,
oòrùn ń kojú mi ní lílọ, ó ń kojú mi ní bíbọ̀.

Zaka mákáníìkì ṣí bónẹ́ẹ̀tì pupa, ó tẹ́tí sí i
bí ìyá tó ń tẹ́tí sí ikùn ọmọ.
"Ẹ́ńjìnnì ńlá nínú ara kékeré.
Ọkọ̀ yìí kò ṣàìsàn. Ó kàn ń mu ni."
Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó nu ọwọ́ rẹ̀.

Lálẹ́, Ìbíyẹmí fa ìwé iṣẹ́-àmúrelé àtijọ́ ọmọ wa yọ,
ó yí i sí ẹ̀yìn, níbi tí kò sí àmì tíṣà.
Pupa: lítà kan, kìlómítà mẹ́jọ.
Eléérú: lítà kan, mẹ́rìnlá.
Ó pín in, ó sọ ọ́ di púpọ̀, ó fi bírò họ orí.
Lítà mẹ́fà lójúmọ́ ni pupa á fi mu ju èkejì lọ,
ẹgbẹ̀rún márùn-ún náírà ó lé irínwó,
bí lítà kan bá dúró sí ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rún.
Lóṣù, ó kù díẹ̀ kó pé ọ̀kẹ́ mẹ́fà.
"Ẹni tó ra pupa," ó ní,
"kò tíì rà á tán. Ojoojúmọ́ ni yóò máa rà á."
Mo ní ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á.
Ó ní ọbẹ̀ kì í béèrè owó lẹ́yìn tí a bá jẹ ẹ́ tán.

Oṣù mẹ́rìnlá. Ó fa ìlà sí i nídìí lẹ́ẹ̀mejì.
Oṣù mẹ́rìnlá ni eléérú á fi san àlékún rẹ̀ padà.
Ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ ọ́fíìsì yá mi ní ìyókù, onídùúró méjì.
Èlé wà lórí rẹ̀. Kò sí nínú ìṣirò.
Àwa méjèèjì mọ̀, kò sẹ́ni tó yọ ọ́ sọ.

Mo ra eléérú. Éésì rẹ̀ kì í ṣiṣẹ́.
Mo ń sọ gíláàsì kalẹ̀, eruku ń bá mi wọ ọ́fíìsì.
Ní Giri, mo rí pupa lórí ìlà ilé epo,
ọ̀dọ́mọkùnrin kan nínú rẹ̀, gíláàsì rẹ̀ wà lókè,
ó ń mi orí sí orin tí n kò gbọ́.
Bóyá kò jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè.
Mo kọjá lára rẹ̀. Abẹ́rẹ́ epo mi kò tíì mira.
Inú mi dùn, ṣùgbọ́n kò dùn dé ìdí.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, rédíò ní
ó ṣeé ṣe kí owó epo já wálẹ̀.
Gbogbo ọ́fíìsì hó yèè. Talatu tó ń gbálẹ̀ jó dé ẹnu ọ̀nà.
Èmi nìkan ni mo dákẹ́,
mò ń ka oṣù lórí ìka lábẹ́ tábìlì:
mẹ́rìnlá á di ogún, ogún á di kí ni?
Mo bá ara mi níbi tí mo ti ń bẹ Ọlọ́run
kí epo má ṣe rọ̀ lọ́jà,
èmi tí ẹ̀gbọ́n mi ń fi jẹnẹrétọ̀ lọ ata jẹun ní Gusau.

Ìwé ọmọ wa ṣì wà nínú dáṣíbọ́ọ̀dù.
Níwájú rẹ̀, tíṣà fi bírò pupa kọ ọ́ pé:
Ìdáhùn tọ̀nà. Fi bí o ṣe rí i hàn.