Ọjọ́ Kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n

Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n oṣù ni owó mi ń wọlé,
ọjọ́ náà ni mo máa ń mú ìyá mi jáde lọ jẹun.
Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló fi ta ọbẹ̀ adìyẹ
lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùdó ọkọ̀ ojú irin Tebet,
orúnkún ló lé e kúrò níbẹ̀, kì í ṣe ìjọba.
"Mo ti bọ́ àwọn ará Jàkátà tó," ló wí,
"ó kù kí wọ́n bọ́ èmi náà."
Àwọn ará Jàkátà ọ̀hún, èmi ni.

A kọ́kọ́ lọ sọ́dọ̀ àwọn ará Padang.
Ọmọkùnrin kan to àwo mẹ́rìndínlógún sórí apá òsì,
ó ń bọ̀ bí ẹni gbé òrùlé ilé rẹ̀ dání.
Kò béèrè ohun tí a fẹ́.
Ó tẹ́ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀: ẹran tí a fi omi àgbọn sè títí ó fi dúdú,
ewé gbágùúdá, ọpọlọ màlúù nínú ọbẹ̀ pupa,
ẹja tó la ẹnu bí ẹni fẹ́ rojọ́.
Ohun tí ẹ bá fọwọ́ kàn nìkan lẹ ó san owó rẹ̀, ó ní.
Ìyá mi ká ọwọ́ sẹ́yìn.
"Ojú mélòó ló ti wo ẹran yìí kó tó kàn mí?"
Síbẹ̀ ó jẹ ẹ́. Ó jẹ méjì. Ó lá ìka,
ó ní àgbọn wọn pọ̀ jù.

Oṣù kejì, ilé oúnjẹ àwọn ará Japan.
Níbẹ̀, oúnjẹ ló ń rìn, èèyàn ló jókòó.
Àwo ń kọjá níwájú wa bí ẹbí tó ti lówó,
wọn ò yà, wọn ò kíni.
Ìrẹsì bíńtín kan pọn ẹja tútù sẹ́yìn.
"Ẹja yìí ò tíì mọ̀ pé òun ti kú," ìyá mi ní,
ó jẹ́ kó kọjá.
Ẹ̀ẹ̀mẹta ló yí ká dé ọ̀dọ̀ wa.
Ẹ̀ẹ̀kẹta, àánú rẹ̀ ṣe é, ó gbé e.

Lẹ́yìn ìyẹn, àjà kejìlélógójì ní Sudirman:
àwo fẹ̀ bí ìdérí ìkòkò,
ohun tó wà láàárín rẹ̀ kò ju òǹtẹ̀ ìwé lọ.
Ọmọge tó gbé e wá ń pa ìtàn rẹ̀ fún wa,
oko tó ti wá, atẹ́gùn òkun tó fẹ́ sí i.
Ìyá mi ní sùúrù kó parí.
"Ìwọ náà ńkọ́, o ti jẹun?"
Ọmọ náà bojú wẹ̀yìn, kò fèsì.
Iye tí mo san lálẹ́ ọjọ́ náà,
n kò tíì sọ fún ìyá mi dòní.

A sọ̀ kalẹ̀ tebitebi, òjò ká wa mọ́ ìta,
a sá sábẹ́ aṣọ kan tí wọ́n ya ẹja àrọ̀ sí.
Kholil, ọmọ Lamongan, ń din ẹja,
omi títì ti dé ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀.
Ìyá mi ò tíì jókòó tó fi ní:
"Òróró rẹ ò tíì gbóná. Fetí sí i.
Ó yẹ kó máa kùn, mímí lásán ló ń mí."
Ọmọ náà rẹ́rìn-ín, ó na ṣíbí sí i.

N kò mọ ìgbà tó bọ́ bàtà.
Orúnkún tí dókítà méjì ti kọ̀ sílẹ̀
dúró fún wákàtí kan gbáko nínú omi.
Ó bọ́ ọlọ́kadà mẹ́rin, ó bọ́ ọlọ́pàá kan,
ó bọ́ tọkọtaya kan tó ń jà,
ata ò jẹ́ kí wọ́n rí ẹnu bá ìjà lọ.
Tiwa ló dín kẹ́yìn.

Kholil ò fẹ́ gbowó. Ojú ìyá mi yí padà.
"Ẹni tó ń tà tí ò gbowó, owó òwò ló ń jẹ."
Ó tú kókó áńkáṣíìfù rẹ̀,
ó ka rúpáyà sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò jẹ́ kí n san.

Nínú takisí, kò sọ̀rọ̀.
Ó gbé àtẹ́lẹwọ́ sí imú, aáyù àti èéfín.
Mo na ike omi sí i pé kó ṣanwọ́.
Ó ní kí n fi òun sílẹ̀,
ó di ọ̀la.