Oṣù Tí Ọrùn Ń Wú

Aago márùn-ún ààbọ̀ ni mo gun igi óákù náà,
lẹ́yìn abà màlúù àwọn Skaar tí kò ní màlúù mọ́,
ní gúúsù Wisikọ́nsìn, níbi tí òkè ti ń forí kan òkè.
Ìrì dídì bo àkékù àgbàdo, ó funfun bí iyọ̀.
Mo so okùn mọ́ ìbàdí, mo fi ọfà sí ọsán,
mo jókòó bí ẹni tí ilé ẹjọ́ pè, tí adájọ́ kò tíì dé.

Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo ti ń ka ìwé wọn nílẹ̀:
ibi tí akọ ti fi pátákò ha ewé kúrò,
tí ó tọ̀ sí i, tí ó jẹ ẹnu ẹ̀ka tó rọ̀ sórí rẹ̀,
kí abo tó bá ń kọjá lè mọ ẹni tó wá.
Igi kéékèèké mẹ́fà ló fi ìwo bó láwọ̀ létí odò,
ara wọn pọ́n bí eékún ọmọ tó ṣubú.

Ní oṣù Kẹsàn-án, bí ẹyẹ bá húkọ́, àgbọ̀nrín ti sá.
Ṣùgbọ́n bí Kọkànlá bá dé, ọrùn akọ á wú,
á ki bí ìtì igi,
ọgbọ́n á sì máa jò lórí rẹ̀ bí omi inú garawa tó lu.
Orvin, bàbá ọkọ mi, a máa wí pé:
“Má wá akọ kiri, Arlys. Jókòó ti àwọn abo.
Onígbèsè á fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá.”

Abo kan kọ́kọ́ jáde.
Kò jẹun, kò dúró, ó ń wẹ̀yìn.
Ẹni tó bá ń wẹ̀yìn báyẹn kò dá wà.
Mo dìde. Orúnkún mi dún, mo bú u nínú.

Mo gbọ́ ọ kí n tó rí i: hùn, hùn,
bí ẹlẹ́dẹ̀ tó ń bá ara rẹ̀ rojọ́.
Òun ni, elétí òsì yíya,
tí mo ti ń rí lókèèrè láti ọdún mẹ́ta
bí ẹni tó jẹ mí lówó.
Imú rẹ̀ ń tọ ilẹ̀, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀, èémí rẹ̀ ń rú.
Ó tẹ èso óákù mọ́lẹ̀ lọ rẹrẹẹrẹ, kò wò ó.
Ó dé abẹ́ àtẹ́lẹsẹ̀ mi, kò wòkè.

Mo fa ọrun.
Ọrun lọ́wọ́ mi, ọrùn lábẹ́ mi,
ohùn kan ṣoṣo ló là wọ́n láàárín.
Mo fi ẹnu ké mẹ̀ẹ́, kékeré.
Ó dúró. Ó ṣebí abo ló pe òun.

Ogójì ìṣísẹ̀ ló sá, ó dà wó sínú koríko gbígbẹ.

Ìdajì wákàtí, Orvin kọ́ mi, kí o tó sọ̀kalẹ̀.
Mo dúró. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n, kì í ṣe òtútù nìkan.
Kò tíì tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá, akọ kékeré kan yọ,
ìwo rẹ̀ kò ju ìka méjì lọ.
Ó gbóòórùn òkú náà, ó gbóòórùn ilẹ̀,
ó ré e kọjá, ó tẹ̀ lé abo wọgbó.

Nígbà tí mo là á, ikùn rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣófo:
ẹ̀kúnwọ́ koríko kan, omi díẹ̀.
Egungun ìhà rẹ̀ ṣeé kà.
Lyle náà, ní ọdún tí ó ń wá mi,
ẹ̀ẹ̀mejì ló wa ọkọ̀ bàbá rẹ̀ wọ kòtò nínú yìnyín.
Ó dé ẹnu ọ̀nà wa láìdé fìlà,
ìyá mi bu ọbẹ̀ ànàmọ́ fún un, kò tọ́ ọ wò.

Verdell gbé okùn dé, a jọ wọ́ ẹran náà gòkè.
Ó ní ṣé ó yọ mí lẹ́nu.
Mo ní, “Kò tilẹ̀ rí mi.”